Àdí Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí mo bá gbóòórùn àdí, etí ọ̀sà Ọ̀jọ́ ni ọkàn mi máa ń padà sí. Èmi ni mo fi àdí ra ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ń lọ díje fún ife lódìkejì omi. Àwọn alátìlẹ́yìn ti kún inú ọkọ̀, wọ́n ń kọrin.

“Ẹ dákẹ́!” ni ìyá wa kígbe. “A kì í kọrin ìṣẹ́gun lójú omi!”

“Màámi, ẹ jẹ́ kí ọ̀sà gbọ́ o!” ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì. Wọ́n yíjú sí mi: “Má fọwọ́ o. Ìwọ lo máa tún rà mí lẹ́sẹ̀ tí mo bá dé.”

Góòlù méjì tí ẹ̀gbọ́n mi gbá wọlé ni àwọn àgbà Ọ̀jọ́ ṣì ń ròyìn. Wọn kì í mẹ́nu kan ọkọ̀ tí ó rì nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Mo jókòó sétí omi títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò fọwọ́.