Àwọ̀ Tèmi Ló Gba Àwòrán

Ní ọ́fíìsì wa nítòsí Tudu, ètò kan wà tó máa ń ya ìtàn iṣẹ́ wa sójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ṣe, á fa ìlà kan, á sì fi àwọ̀ ẹni náà kùn ún. Tèmi jẹ́ àwọ̀ aró, ti àbúrò mi jẹ́ pupa. Kì í ṣe pé ìyá kan náà ló bí wa. Ọmọ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, bíi tèmi ni, Sabon Zongo ni wọ́n bí i sí, ó sì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ kún ti gbogbo wa fúnra rẹ̀. Èmi ló máa ń gbé e fún, kí n bá a fi sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nídìí aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń tà nìyẹn: ọmọdé lè gé aṣọ, ó lè ká a, àmọ́ àgbà ní í gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́.

Àwòrán náà rí wúruwùru, ọ̀gá wa sì ní kí n tún un ṣe. Orúkọ méjì ni kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ṣe é àti ẹni tó fi í sí i. Mo ní kí àwọ̀ máa tẹ̀lé ẹni tó fi í sí i, ìyẹn èmi. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Àwòrán mọ́ rekete, aró sì gba gbogbo rẹ̀ kan.

Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ ọmọ náà fẹ́ parí, ọ̀gá ṣí àwòrán náà. Ó ní, "Kí ni ọmọbìnrin yìí tiẹ̀ ń ṣe níbí?"

Mo ní, "Ó ń gbìyànjú."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé wààkyé tí mo rà, ìrẹsì àti ẹ̀wà, tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo padà sídìí ètò náà, mo ní kí àwọ̀ máa tẹ̀lé ẹni tó ṣe iṣẹ́. Pupa bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, aró tèmi wá ku díẹ̀ létí. Mo sáré gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó wò ó títí, ó ní òun ti sọ fún ọmọ náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, òun sì ti gba ẹlòmíràn.

Mo bá àbúrò mi níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀. Mo fi àwòrán náà hàn án, mo sì ń bẹ̀ ẹ́.

"Daabi, ẹ̀gbọ́n, rárá, ẹ má bẹ̀ mí. Ọjọ́ tí ẹ yí àwọ̀ yẹn padà ni mo ti rí i. Mo ní àgbà ni yín, ẹ máa tún un ṣe fúnra yín."

Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó jáde, bó ṣe máa ń ṣe.