Adìẹ Tí Wọ́n Pa Kí Èjìká Mi Tó San

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìdímù níbí, igi máńgòrò pọ̀ ju ilé lọ. Orí ọ̀kan nínú wọn ni mo ti já bọ́, tí eegun tó so ọrùn mọ́ èjìká mi fi kán. Ìyá mi kò gbé mi lọ sí ọsibítù o, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ló gbé mi lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, ó fi igi wẹ́ẹ́rẹ́ dì í, ó sì fi aṣọ di apá tèmi mọ́ àyà. Ó gbé adìẹ náà fún wa lọ sílé, ó ní ọjọ́ tí ó bá rìn ni eegun mi máa jinná. Bí mo ṣe di olùtọ́jú adìẹ nìyẹn. Àgbàdo tó yẹ kí n jẹ, òun ni mò ń fún. Àfi ìgbà tí àlejò dé bá bàbá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó tuntun ilé wa, tí kò mọ nǹkan kan, rí adìẹ tí kò lè sáré, ó sì pa á fún àlejò. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ èjìká mi, eegun ti jinná, ṣùgbọ́n mo kọ̀, n kò gbé apá sókè. Mo ní adìẹ mi ti kú kó tó rìn. Wọ́n bẹ̀ mí títí, mo kọ etí ikún. Kí n tó gbọ́n, èjìká ti gan. Títí dòní, apá yìí kò kọjá etí mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń dirun ní Ẹ̀gbẹ́dá ṣubú lórí ọ̀kadà, eegun kan náà ló kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin to eegun náà pọ̀. Ojú ọgbẹ́ jinná, dókítà ní kó máa gbé apá díẹ̀díẹ̀, ọmọ kọ̀. Ó ní fún mi pé,

“Màmá, tí n bá gbé e sókè, irin yẹn á yọ ni ṣá.”

Àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń wá ẹlòmíràn lọ. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo gbé apá tèmi, ó dúró sí etí.

Mo ní, “Kì í ṣe eegun ló ṣe mí báyìí, ọmọ mi. Ẹ̀rù ni.”

Lọ́jọ́ kejì mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ìka gun ògiri náà lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń sunkún, kò sì dúró.

Ayé ti yí padà, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣojú mi. Nígbà tiwa, bí wọ́n bá ti tú aṣọ, ó parí. Ní báyìí, dókítà á sọ ohun tí èèyàn máa ṣe lóòjọ́, ṣùgbọ́n kò ní bá a gbé apá. Lọ́jọ́ Sátidé tó lọ, ọmọ náà dúró lẹ́yìn àga mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ewú orí mi ní ṣùkú. Ó fà á le débi pé omi bọ́ lójú mi, n kò sì ní kó dẹwọ́.