Ọwọ́ Òsì Bàbá Elétò

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ kì í bá Bàbá Elétò nílé. Fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òun ló ń ṣí yàrá fáìlì ilé ìwòsàn kí ẹlòmíràn tó dé. Yóò nu tábìlì, yóò to àwọn bíírò sórí ìlà bí ọmọ ilé ìwé, lẹ́yìn náà ni yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kò ní àwòrán mèremère kankan. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Yúnísì ni: ojú dúdú, lẹ́tà funfun. Ẹ ó tẹ àṣẹ, yóò dá yín lóhùn. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀, kò ní bẹ̀ yín.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Elétò, nítorí pé bí ẹnì kan bá yá bíírò rẹ̀ tí ó dá a padà láìdé e lórí, yóò gbé bíírò náà tẹ̀lé onítọ̀hún dé wọ́ọ̀dù. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà a sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà bá ti ṣàìsàn, ẹ̀rín tán. Bàbá a lé gbogbo ènìyàn jáde, a sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè, èmi àti aláìsàn mi."

Ó lè tó wákàtí kan. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá fi máa ṣí, kọ̀ǹpútà á ti máa ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló ṣe.

Nígbà tó ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní ọmọbìnrin kan láti kọ́. Ọmọ náà mọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí kíbọọ̀dù débi pé Bàbá sọ ọ́ ní Kánjú.

"Kánjú, ṣé iná ń jó aṣọ ẹ ni?"

"Rárá o, sà. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ ò níí sá lọ. Àwa la máa ń sá fún un."

Ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, àfi èyí tó ń ṣe nínú yàrá tí ó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kì í ṣe ahun. Ó gbà pé ariwo ló ń mú kí ọwọ́ ṣìṣe, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí òun létí. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó fún ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ní àpòòwé kan tó lẹ̀ pa. Páàsìwọọ̀dù àgbà, èyí tó ń ṣí ohun gbogbo, ló wà nínú rẹ̀, tí ó fi lẹ́tà tó dúró ṣánṣán kọ. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì mú ohùn rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná mànàmáná lọ lójijì, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tó dé padà, kọ̀ǹpútà jí dé ìdajì, ó dúró. Ó kọ ọ́ sójú pé nǹkan ti dàrú nínú òun, kí alábòójútó tẹ páàsìwọọ̀dù àgbà kó lè tún un ṣe. Bí Kánjú ṣe ń ka èyí lọ́wọ́ ni dókítà oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ wọlé.

"Aránṣọ kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ìfun rẹ̀ ti bẹ́. Ó ní nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun níbí lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kun òun lóorun fẹ́ẹ̀ pa òun. Kò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà."

"Ó wà nínú kọ̀ǹpútà, mà."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà wo ló máa jáde? Bí mo bá jẹ́ kó kọjá wákàtí méjì, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á pa á. Bí mo bá sì mú abẹ́rẹ́ tí kò yẹ, èmi gan-an ni mo pa á."

Ọ̀gá àgbà ya àpòòwé. Kánjú tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í fi páàsìwọọ̀dù hàn bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ojú a kàn dúdú bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Ó tún un tẹ̀, ó ń rọra, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó kọ̀. Ó wò bóyá bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá ló wà ní títẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba kíbọọ̀dù orí tábìlì kejì, ó fi í pààrọ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ó tún kọ̀. Ó fa kíbọọ̀dù yọ, ó fi í há abíyá, ó mú ìwé náà, ó sáré.

Ilé Bàbá kò ju òpópónà méjì lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Kánjú, ta ló ń lé ẹ?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ṣé Bàbá jí?"

"Ó jí. Bọ́ bàtà ẹ, kó o sì tò ó dáadáa. O mọ ẹni tó nilé."

Bàbá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí bí ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kánjú kúnlẹ̀, ó ro ọ̀ràn aránṣọ fún un, ó fi ìwé hàn án. Bàbá kà á, ó mi orí: bẹ́ẹ̀ ni, òun nìyẹn.

"Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà."

Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè pátápátá, ó wo Kánjú. Ó wá sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ dé ìdajì, ó tún wò ó. Kánjú mọ ohun tó ń béèrè.

"Ó dúró lágbede méjì, sà. Kò tíì jí tán."

Ojú Bàbá yí padà. Ó tẹjú mọ́ ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, omi sì yọ lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nù ún. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ sí kíbọọ̀dù.

Kánjú gbé e lé itan rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ìwé ni *a*. Ìka Bàbá kọjá lórí *a*, ó tẹ *q*. Kánjú rò pé àìsàn ti mú orí náà lọ. Nínú ìwé, *w* ló tẹ̀ lé e. Bàbá tẹ *z*. Kánjú fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, Bàbá mi orí kíkankíkan pé rárá, ó sì tún un tẹ̀ níbi kan náà. Ìgbà yẹn ló tó yé e.

Kíbọọ̀dù tó kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà yẹn wá, láti òkèèrè ni, lẹ́tà rẹ̀ kò sì tò bíi tiwa. Nígbà tí èyí tí a mọ̀ dé, Bàbá kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa gbọ́ tirẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tó bá jí tán ló ń rántí ẹ̀kọ́ yìí. Bó bá ṣì wà lágbede méjì, ti àtijọ́ ló ṣì rò pé ó wà níwájú òun, ohun tí a kọ sójú bọ́tìnnì kọ́ ló sì ń gbọ́. Ọwọ́ Bàbá mọ̀ ọ́n. Ó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ nínú yàrá títì, láìrò pé ó jẹ́ ohun tí èèyàn ń kọ sílẹ̀.

Ó ku àmì kan, *#*, èyí tí ìlà méjì dábùú méjì. Lórí kíbọọ̀dù àtijọ́, ọwọ́ ọ̀tún ló ń di bọ́tìnnì kan mú nísàlẹ̀ kí tòsì tó tẹ *3*. Ọwọ́ òsì Bàbá gbéra, ó dúró lófuurufú. Ìka rẹ̀ kò gùn tó láti mú méjèèjì. Ó bá mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé ìka rẹ̀ kan lé bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ yẹn, ó tẹ ìka náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó lè yé e pé kó dì í mú, òun sì tẹ *3*.

"Ṣé èmi náà ti di oníkọ̀ǹpútà nìyẹn?" ni ìyá náà wí. Igun ẹnu Bàbá kan gbéra díẹ̀.

Kánjú kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Lọ́jọ́ yẹn nìkan ni Bàbá juwọ́ sí i pé kó sáré.

Nígbà tó padà dé yàrá fáìlì, ó tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà gbà. Ó fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá tún ara rẹ̀ ṣe, ó jí, Kánjú sì wá fáìlì aránṣọ jáde. Ó ka orúkọ abẹ́rẹ́ náà fún dókítà lórí fóònù.

"Tún un pè."

Ó tún un pè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Dókítà ní: "O ṣeun. Òun ló wà nínú àwo mi níbí."

Wọ́n lo òmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, aránṣọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, Kánjú padà sọ́dọ̀ Bàbá láti ròyìn. Bàbá béèrè bíírò. Ó fi ọwọ́ òsì ya kíbọọ̀dù àtijọ́ sórí ìwé, láìlo rúlà, gbogbo ìlà rẹ̀ wọ́, irú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ìbá dá padà tẹ́lẹ̀. Ó fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Nígbà tó tán, ọ̀sán ti pọ́n. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi lẹ́tà bíi ti ọmọdé kọ ọ́ pé: *Má lé wọn jáde.*

Bàbá kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìwé wíwọ́ náà wà lára ògiri yàrá fáìlì. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣàìsàn, Kánjú a pe àwọn akọ̀wé méjèèjì wá jókòó tì í, a sì máa sọ ohun tó ń tẹ̀ sókè bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa ń pariwo díẹ̀. Ilẹ̀kùn a wà ní ṣíṣí.