Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Iyán

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí gbogbo ẹni tó ní kóòtù kan ṣoṣo ń retí ipò kọmíṣọ́nnà, olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́, àyà sì ń ta mí. Bí mo bá jẹun tán, omi kíkan á ru wá sí ọ̀fun mi. Àwọn àgbà ìjọ wa ní ayé ló ń bá mi jà. Mo gbà fún wọn kíá. Olùkọ́ tí ayé ń bá jà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Bí mo ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí èmi àti ẹbí mi lọ sí Ìsẹ̀ lọ tọrọ ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ti sọ fún un pé àwa tá a lọ yunifásítì ò mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Wọ́n gbé iyán wá. Nílé yẹn, bí àna bá ṣe jẹun tó ni wọ́n fi ń mọ̀ bó ṣe fẹ́ràn ọmọ wọn tó. Mo fi ìfẹ́ jẹ àwo mẹ́ta.

"Ó yá, ọkọ ìyàwó, dọ̀bálẹ̀," ni bàbá wí.

Mo nà gbalaja. Iyán wà nísàlẹ̀, èmi wà lórí rẹ̀. Iná sọ láyà mi, kíkan dé ẹnu. Mo fò dìde.

"Ta ló ní kó o dìde?"

"Ẹ má bínú, sà. Ayé ni, sà."

Àbúrò bàbá lóbìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Emùré, bú sẹ́rìn-ín. "Ayé wo? Ṣé ayé ló jẹ àwo mẹ́ta? Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ó jókòó. Tí ikùn bá kún àkúnjù, téèyàn wá dùbúlẹ̀, omi tó ń da oúnjẹ á padà sókè. Ọkọ wa, máa jẹ níwọ̀nba, dín ata àti epo kù, má sì dùbúlẹ̀ títí wákàtí mẹ́ta á fi kọjá. Tí kò bá lọ, tàbí tí oúnjẹ bá ń há ọ lọ́fun, ọsibítù ni kó o wá, má gun orí òkè àdúrà lọ. Ẹ̀yin náà, Bọ̀dá mi, tẹ́ ẹ máa ń sùn kété tẹ́ ẹ bá ti jẹun ọ̀sán tán..."

"Èmi kọ́ ni wọ́n wá tọrọ," bàbá dá a lóhùn, ó ń fọwọ́ ra àyà. Ó wo aago ara ògiri. "Wákàtí mẹ́ta, àbí? Ẹ jókòó. Tó bá pé, á dọ̀bálẹ̀, èmi náà á wá fèsì."

Mo jókòó, mo dìde, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tún wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí bàbá tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tó ń mi orí, mi ò sì mọ̀ bóyá ti rárá ni tàbí ti bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí wákàtí mẹ́ta náà pé, mo tún nà gbalaja. Bàbá fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé ó ń ta ọ́?"

"Rárá, sà."

"Dìde." Ó kọjú sí yàrá. "Ẹ pe ọmọ yẹn kó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀."