Àwọn Tó Wá Ro Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí ọkọ mi Sàkáríyà jẹ́ fún yín, kí ẹ má baà bú u ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi Sàídátù tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti bú u tó. Bíríkìlà ni. Ọmọ Ìkirè ni àwa méjèèjì. Lọ́dún 1980, nígbà tí ariwo gba gbogbo ìlú pé ìjọba ń kọ́ olú-ìlú tuntun sí Àbújá, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó kó èmi àti ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Gwagwalada. Inú ilé tí kò tíì nílẹ̀kùn là ń sùn. Bó bá ti bá wọn parí ilé kan, wọ́n á ní ká jáde, a ó tún kó lọ sínú òmíràn. Ẹni tó ń kọ́lé fún gbogbo ayé, òun gan-an ò ní ibi tí yóò gbórí lé.

Kí a tó kọ́ tiwa, ọdún mẹ́rin gbáko ni. Búlọ́ọ̀kù tó bá ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́, tí ọ̀gá bá yọ̀ǹda fún un, ló ń gbé bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri pálọ̀ wa fi ní àwọ̀ mẹ́ta, tí wíńdò méjì ò sì bára wọn dọ́gba. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé ni. Yàrá mẹ́rin, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, Gàníyátù, kó lè ní ibi tí yóò máa pè ní ilé bàbá òun.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn ò níwèé o. Ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan nínú àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ la ti gbà á, a pa obì, a ṣàdúrà, bàbá náà sì ti kú. Rédíò ń kéde pé gbogbo ilẹ̀ Àbújá ti di ti ìjọba. Ẹ̀rù méjì ló wá ń ba baálé mi: ẹ̀rù ìjọba níwájú, ẹ̀rù àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tó tún bà á jẹ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ní Ìkirè. Àwọn àlejò kan ló ń bá bàbá yẹn ro ẹ̀gbẹ́ oko kòkó rẹ̀. Ó rò pé inúure ni, ó dákẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n bá ara wọn ní kóòtù. Adájọ́ ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí wọn nígbà tí wọ́n ń ro ó?" Ó ní òun rí wọn. "Ṣé ẹ lé wọn?" Ó ní rárá. Bí oko ṣe lọ nìyẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1986, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn láti da omi nù, ni mo bá rí ọkùnrin mẹ́ta tí n ò mọ̀ rí nínú ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ń fi ọkọ́ ro koríko. Koríko ibẹ̀ ti gùn kọjá orúnkún, iṣẹ́ ò jẹ́ kí baálé mi ráyè ibẹ̀. Kí n tó lanu, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lóṣòó. "Sànnu, Mama!"

Mo ní, "Sànnu kẹ̀? Ta ló rán yín wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo fi igbe ta. Sàkáríyà sáré jáde pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú. Haúsá tó gbọ́ ò ju ti ibi iṣẹ́ lọ: gbé omi wá, gbé yanrìn wá, ó tó. Ó fọwọ́ júwe títí, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ṣìnà. Wọ́n ní, "Yauwa, Baba," bí ẹni pé ó kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n ń ro ó lọ. Ó bi wọ́n pé èló ni wọn yóò gbà. Wọ́n mi orí. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín jáde, wọn ò fọwọ́ kàn án. Omi nìkan ni wọ́n gbà, Gàníyátù ló sì bu ú fún wọn. Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n kí wa, wọ́n lọ.

Baálé mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo ilẹ̀ tó mọ́ roro. Ẹlòmíràn á yọ̀. Àyà tirẹ̀ ń já.

"Sàídá," ó ní, "ẹni tó ní kí o san nǹkan, o mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó ní òun ò gba nǹkan kan ń kọ́?"

Àlímì awakọ̀, ará Kàbà tó múlé gbè wá, ló wá bá wa da epo sí iná náà. Ẹnu ọkùnrin yẹn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Sàká, ẹyẹ ò ṣàdédé bà lé òrùlé, ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ nìyẹn. Bàbá tó fún yín nílẹ̀ ti kú, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn wọn hù níbẹ̀ ná, ẹ ó rí i."

Ní Sátidé kejì, wọ́n tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin ọkà bàbà. Sàkáríyà ò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé àga sábẹ́ páànù, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì iye ebè sára ògiri. Wọ́n kí i, kò dáhùn. Ọ̀kan wà nínú wọn, kúkúrú, onísùúrù, tí kì í sọ̀rọ̀. Ibi tí ebè àwọn ẹnìkejì rẹ̀ bá ti wọ́, á padà lọ tún un kọ. Baálé mi dìde, ó di ojú kan, ó wo ebè yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe ń wo ògiri. Ó ní, "Ó tọ́ o." Ìgbà tó rántí ara rẹ̀, ó pòṣé, ó padà lọ jókòó.

Gàníyátù tún gbé omi jáde. Ó ti lé díẹ̀ lógún ọdún nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní ọjà, ó gbọ́ Haúsá bí ẹni mumi, ó sì gbọ́ Gbagyi díẹ̀díẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú yẹn fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá omi, kò wo ojú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ọkùnrin tó gba omi lọ́wọ́ ọmọge tí kò wojú rẹ̀, ó ti wò ó tẹ́lẹ̀. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé mi ò rí nǹkan kan.

Nígbà tó yá, mo ní, "Gàníyátù, ṣé o mọ àwọn wọ̀nyí?"

Ó ní, "Wọn kì í ṣe olè, Màámi."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó tẹ orí sórí aṣọ tó ń rán. Ó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ nínú síwájú sí i. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti búra pé ọmọ Ìkirè ni yóò fẹ́ ẹ, èmi náà ò sì fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò da ilé rú. Mo fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, baálé mi to búlọ́ọ̀kù yí gbogbo ilẹ̀ náà ká láti fi pààlà. Kí Sátidé tó dé, òjò ti bi mẹ́rin nínú wọn ṣubú. Àwọn ọkùnrin yẹn dé, wọ́n gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde, wọ́n ro ìdí gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Sàkáríyà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ti mọ ààlà báyìí. Wọ́n ń wọn ilé mi."

Kò jẹun dáadáa mọ́. Bó bá kírun tán, á jáde lọ fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé káàkiri. Ó ń bi mí pé, bí wọ́n bá lé wa jáde, níbo ni Gàníyátù yóò sùn? Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní parọ́. Ọkùnrin tó fi èjìká ru ilé kan ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi ṣẹ̀sín.

Ní Sátidé kẹrin, ọkà bàbà ti yọrí. Bí àwọn mẹ́ta yẹn ṣe dé, Sàkáríyà pe Àlímì àti ìyàwó rẹ̀ jáde, ó gbé ọkọ́, ó bọ́ sáàárín ebè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ń tú u, ó ń pariwo: "Ẹ jẹ́rìí o! Mo rí wọn, mo sì lé wọn! Kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé mo dákẹ́ o!" Gàníyátù sáré jáde, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe é! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u!" Bàbá rẹ̀ tì í dànù. Ọkùnrin kúkúrú yẹn dúró, ó wo ebè tó ń wó. Kò bínú. Ó lóṣòó, ó kí i, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, bàbá arúgbó kan dé pẹ̀lú àgbàlagbà méjì. Wọ́n sálámà, a gbà wọ́n sí pálọ̀. Gàníyátù nìkan ló lè túmọ̀ Haúsá wọn, nítorí náà òun ló jókòó sáàárín. Bàbá náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Gàníyátù ń wo ilẹ̀.

"Ó ní ọmọ àbúrò òun tó ń jẹ́ Tánkò ló ń wá síbí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀."

"Mo ti mọ̀. Kí ló ń wá?"

"Ó ní lọ́dọ̀ àwọn Gbagyi tiwọn, bí ọkùnrin bá fẹ́ ọmọ èèyàn, kò gbọdọ̀ la ẹnu. Oko bàbá ọmọ ni yóò kọ́kọ́ ro. Bí bàbá bá jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn náà dàgbà, wọ́n á wá sọ̀rọ̀. Bí bàbá bá tú ebè, ó ti kọ̀ nìyẹn."

"Ọmọ ta ni wọ́n fẹ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

Sàkáríyà bú sẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ gbá itan. "Ọmọ ni! Kì í ṣe ilẹ̀! Ọlọ́run o ṣeun!" Àwọn àgbàlagbà náà bá a rẹ́rìn-ín. Gàníyátù gbójú sókè. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, inú mi ì bá dùn títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó fi dákẹ́. Ó yíjú wo ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Bí mo bá kú, òun ló nilé. Bó bá bímọ fún wọn, ta ló nilé nígbà yẹn? Háà! Wọn ò rí i gbà láti ìta, wọ́n fẹ́ gba inú yàrá wọlé. Gàníyátù, sọ fún wọn pé rárá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o sọ ọ́!"

Ó sọ ọ́. Ẹnu ọmọ mi ni wọ́n fi kọ ọkọ tó fẹ́, níṣojú mi. Bàbá náà ní àwọn ò bínú, pé àwọn wá kó ọ̀rọ̀ àwọn padà ni, kí ìjà má baà wà láàárín wa. Kí wọ́n tó dìde, Gàníyátù sọ gbólóhùn kan sí i tí a ò gbọ́. Bàbá náà mi orí. Gàníyátù tún un sọ. Bàbá náà wò ó títí, wọ́n lọ.

Ẹ ó bi mí pé, ìwọ Sàídátù ń kọ́, kí lo wí? Mo dákẹ́. Ọjọ́ kejì ni ẹnu mi tó là, nígbà tí kò wúlò mọ́. Mo ní, "Bàbá Gàníyátù, ṣé ẹ gbàgbé pé ẹ kó ẹgbẹ́ yín wá ro oko bàbá mi nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi? Ọ̀wẹ̀ àna kọ́ nìyẹn?"

Ó ní, "Ìyẹn yàtọ̀. Bàbá rẹ mọ ilé bàbá mi."

Mo ní, "Àwọn náà wá kí a lè mọ ilé bàbá wọn ni." Ó dé fìlà, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ní Jímọ̀, mo ti mọ́sálásí dé, mo bá yàrá Gàníyátù ní gbígbá. Ó gbá a mọ́ kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo wá a dé abúlé àwọn Tánkò. Ẹní ìyá Tánkò ló ń sùn sí. Wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, wọ́n ní kò sí ìyàwó níbi tí ẹnì kan ò ti fà á lé àwọn lọ́wọ́. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò Sàkáríyà ní Ìkirè, ó wá, wọ́n so yìgì. Bàbá rẹ̀ ò débẹ̀. Ọmọ méjì ló ti bí níbẹ̀, èmi nìkan ni mo ń lọ kí wọn. Baálé mi ní bí òun bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, wọ́n á ní òun ti gbà.

Lọ́dún 1989, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ dé àdúgbò wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé Àlímì, wọ́n ní ọ̀nà yóò gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n yí tiwa po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n ní kí Sàkáríyà wá sí ọ́fíìsì. Láti àárọ̀ tó ti jáde ni mi ò ti lè jókòó. Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níta, ó ń sáré, àgbàlagbà rẹ̀. Ó gbé ìwé kan sókè, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. "Wọ́n fún wa! Wọ́n ti kọ orúkọ mi sí i! Kò sẹ́ni tó lè gba ilé yìí mọ́ láéláé!"

Ó bá mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò dúró. Sàkáríyà ò mọ̀wé kà, èmi náà ò mọ̀ ọ́n kà. Ó gba pálọ̀ kọjá lọ sí yàrá kẹta, ó ń pariwo pé, "Gàníyátù! Gàníyátù, wá bá mi ka ìwé yìí!"

Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn yẹn kó tó rántí. Ó dúró síbẹ̀. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì.