Akéwì Ará Mẹ́síkò Tó Ń Gé Irun Rẹ̀

Òórùn tí mo fi mọ ilé ọmọ mi ní Mẹ́kà ni òórùn erùpẹ̀ gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí. Àdúgbò Àbídíyà ni wọ́n ń gbé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Áráfà, níbi tí yunifásítì ńlá wọn wà. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn ìrun Làásárì, ẹni tó ń ṣọ́ ilé á fa rọ́bà omi jáde, á máa wọ́n iwájú ilé, òórùn náà á sì gun àtẹ̀gùn wá bá wa nínú ilé ìdáná lókè. Ẹ̀yin náà mọ òórùn yẹn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi: bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń rùn lábúlé wa ni. Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá pa ojú dé, màá gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé òkè olókùúta ló yí mi ká, tí kò sí ewé kan ṣoṣo lára wọn.

Ìbẹ̀wò ni mo bá lọ. Físà oṣù díẹ̀ ni wọ́n fún mi. Olùkọ́ ni ọmọ mi obìnrin ní yunifásítì náà, ìwé ìtàn àti ewì ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ẹnjiníà ni ọkọ rẹ̀, Jẹ́dà ló ti ń ṣiṣẹ́; àárọ̀ kùtù ló ń gba ojú ọ̀nà ìlú Bahra lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Lárúbáwá ló fi ń sọ̀rọ̀, òun ló fi ń bínú, mo sì rò pé òun ló fi ń lálàá. Bí mo bá sọ Yorùbá sí i, á gbọ́ díẹ̀díẹ̀, á fi Lárúbáwá dáhùn, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wọ yàrá lọ. "Alihamudulilahi" nìkan lọ̀rọ̀ tó ń yé àwa méjèèjì bákan náà. Bẹ́ẹ̀, mo ti tọ́jú ìtàn púpọ̀ fún un láti ilé: ìtàn ìyá mi, ìtàn ọjọ́ tí a sọ ìyá tirẹ̀ lórúkọ, ìtàn odò tí kò sí mọ́. Mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n má padà síbẹ̀ mọ́. Bí físà mi bá parí láìjẹ́ pé èmi àti ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ délẹ̀, àlejò ni n ó jẹ́ sí i títí ayé, àwòrán arúgbó kan lójú fóònù.

Ní àsìkò náà, ọmọ mi ń múra ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ sọ níwájú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, lórí akéwì obìnrin kan ará Mẹ́síkò tó ti kú láti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n tí òkìkí rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Ó ní obìnrin náà ń kéwì, ó sì ń kọ àròkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jà lé lórí dòní. Bí mo bá ń gé àlùbọ́sà, ọmọ mi á gbé ìwé lé ẹsẹ̀, á máa tú u sí Yorùbá fún mi. Ó ní bí ó bá yé èmi, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò ní yé. Ọmọ-ọmọ mi á jókòó sídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, waya fóònù á wà létí rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ pé ẹsẹ̀ òkè tó ń yọ iná ni wọ́n bí akéwì náà sí, pé bàbá rẹ̀ kò bá wọn gbé, pé ilé bàbá ìyá rẹ̀ tó kún fún ìwé ló dàgbà sí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwé, tó purọ́ fún tíṣà pé ìyá òun ló ní kí òun wá kàwé.

"Irọ́ tó dáa nìyẹn," ni mo wí.

Akéwì náà kì í jẹ wàràkàṣì, nítorí ó gbọ́ pé ó ń sọ ènìyàn di olódo. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo wàràkàṣì inú fíríìjì wa pẹ̀lú ìfura. Nígbà tó gbọ́ pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ dé yunifásítì, ó bẹ ìyá rẹ̀ kó wọ òun láṣọ ọkùnrin kí òun lè lọ, ìyá kọ̀. Níkẹyìn, ó wọ ilé àwọn Sísítà Kátólíìkì, kò fẹ́ ọkọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè fi òun àti ìwé rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe tiwa, n kò sì bá a jiyàn. Mo kàn bi ọmọ mi pé, "Ta ló ń bá a fọ aṣọ?"

Ó wo ìwé, ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ẹrúbìnrin kan fún un, Màámi."

"Ẹn-ẹn," ni mo wí. "Mo kúkú rò bẹ́ẹ̀."

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò fojú kéré ilé ìdáná. Nígbà kan tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ìwé, ẹyin ló ń wò: bí ó ṣe ń dì mọ́ra nínú òróró gbígbóná, bí ó ṣe ń tú ká nínú omi ṣúgà. Ó rí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi tún ibẹ̀ kà. Èmi tí mo ti ń dín ẹyin láti kékeré, àṣé ìwé ni mo ń kà.

Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ gbogbo ìtàn náà. Ooru ilẹ̀ yẹn a máa wọ ara bí oògùn oorun. Ọmọ mi á máa kà, ohùn rẹ̀ á máa jìnnà, ẹ̀rọ amúlétutù á máa kùn bí oyin, obìnrin Mẹ́síkò náà á sì wọlé tòun ti aṣọ dúdú àti funfun, á lọ jókòó ti ìyá mi lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé wa, àwọn méjèèjì á máa ṣa ẹ̀wà láìsọ̀rọ̀. Òkè tó ń yọ iná á di òkè Áráfà. Bí mo bá fi máa ta jí, ọmọ mi ti ṣí ojú ewé mìíràn. Ibi tí mo sùn fò yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan mo ń gbá ilé ìwẹ̀, mo rí irun nílẹ̀, ìdì kan, ó gùn tó ìka mẹ́rin. Mo jáde, mo wo orí ọmọ-ọmọ mi. Irun tó máa ń kan èjìká rẹ̀ ti sá gòkè lọ sétí. Mo ní, "Kí ló ṣe irun rẹ?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. "Sọlẹ́ẹ̀tì, wàláhì!" ló wí, ó bọ́ sí yàrá.

Mo mọ ìyẹn. Ó ní òun ti kírun, ó fi Ọlọ́run búra. Ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra ṣe: irun orí ni mo bi í, ìrun tí à ń kí ló gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò yé mi nígbà náà. Mo rò pé ìdáhùn gidi ló fún mi, pé ìrun ló kí tó fi gé irun. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Mẹ́kà mọ̀ pé bí obìnrin bá ṣe ùmúrà, hájì kékeré, tán, yóò gé ṣóńṣó irun rẹ̀ bí ìwọ̀n orí ìka. Lójú mi, ọmọ náà ti dá lọ ṣe ùmúrà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí wá ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń tọrọ ní Káàbà tí kò lè sọ nílé?

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, èmi àti ọmọ mi pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ lọ ra ẹja gbígbẹ ní Ṣarafíyà, ní Jẹ́dà, níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ èdè mẹ́wàá kó tó kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Àlàájà kan wà níbẹ̀, ará Ìbàdàn, tó bá hájì lọ tipẹ́tipẹ́ tí kò padà mọ́. Kò ní ìkámà, ìwé tí wọ́n fi ń gbé ìlú. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń ta ẹja fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ ọ̀rọ̀ irun náà fún un.

"Ìka mẹ́rin?" ó ké. "Ùmúrà mélòó nìyẹn, Àlàájà? Àbí gbogbo ìdílé yín ló lọ bá tọrọ ìdáríjì?"

"Jọ̀ọ́, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹja sínú ọ̀rá. "Èmi náà gé irun báyẹn rí, lọ́dún tí ìyá mi kú tí n kò lè lọ sílé. Ẹ bi ọmọ yẹn. Ẹ má bi í bí ọlọ́pàá o, ẹ bi í bí ìyá."

"Èdè wo ni kí n fi bi í?" ni mo wí.

Nígbà tí a padà délé, mo tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọmọ mi. Ó pe ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ Lárúbáwá wìtìwìtì, ọmọ náà bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í. Ó yíjú sí mi. "Màámi, ẹ sùn nígbà tí mo ka ìtàn irun."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí akéwì náà ń kọ́ èdè mìíràn, ó máa ń gé irun rẹ̀ bí ìka mẹ́rin, á sì dá ọjọ́ fún ara rẹ̀. Bí irun bá hù padà kó tó mọ ohun tó ní òun fẹ́ mọ̀, á tún gé e. Lójú tirẹ̀, ọ̀ṣọ́ kò yẹ orí tó ṣófo. Ọmọ-ọmọ mi gbọ́ ìyẹn nídìí tábìlì. Òun náà dá ọjọ́ fún ara rẹ̀, pé òun á sọ Yorùbá pẹ̀lú mi kí físà mi tó parí. Ọjọ́ tó dá pé, kò mọ̀ ọ́n, ló bá gbé sísọ́ọ̀sì.

Ó lọ mú bébà kan wá láti abẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi kọ ọ́, n kò lè kà á, ni ìyá rẹ̀ bá kà á fún mi: àlùbọ́sà, ẹyin, jókòó, òkè, irọ́ tó dáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni, tó ń ṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Waya tó wà létí rẹ̀, kò sí orin kankan nínú rẹ̀.

Mo na ọwọ́, mo ní kó gbé sísọ́ọ̀sì náà fún mi. "Irun kò mọ̀wé," ni mo wí. "Jókòó."

Ìwé mi kò pọ̀. Kíláàsì àgbàlagbà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá, nígbà tí ọmọ mi yìí ti wọ ilé ìwé gíga. Ohun tí mo ní ni mo fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn Làásárì ojoojúmọ́, a ń gbé ìkòkò, a ń pe ìkòkò. A ń da omi, a ń pe omi. Mo fọwọ́ kan orí, mo ní "irun"; mo gbé ọwọ́ sétí bí ẹni fẹ́ kírun, mo ní "ìrun". Ọjọ́ tó gbọ́ ìyàtọ̀ wọn, ẹ̀rín pa á títí ó fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì ń ka ìyókù ìtàn akéwì náà fún wa: bí ìyàwó aṣojú ọba ṣe ń yìn ín, bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe jókòó bi í ní ìbéèrè, bí bíṣọ́ọ̀bù kan ṣe kọ̀wé sí i pé kó fi ìwé ayé sílẹ̀, tí ó sì fi ìwé gígùn dá a lóhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé Ọlọ́run tó fún obìnrin ní làákàyè kò fún un láti fi pamọ́. Nígbẹ̀yìn, ó kó àwọn ìwé náà sílẹ̀ lóòótọ́. Àìsàn kan jà nílé wọn, ó ń tọ́jú àwọn Sísítà ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti kó o, ó sì kú. Ọmọ-ọmọ mi bèèrè nǹkan kan ní Lárúbáwá. Ìyá rẹ̀ ní ó ń bèèrè bóyá ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akéwì náà nígbà tó ń kú.

Ọjọ́ tí mo ń padà sílé, gbogbo wa lọ sí pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà. Ojú ọ̀sán ni, ìmọ́lẹ̀ funfun ń wọlé láti ibi gbogbo, àwọn èrò ń rìn bí ẹni tó wà nínú omi. Ọmọ náà dì mí lọ́wọ́ méjèèjì mú. Ó mí kanlẹ̀, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, láìdúró:

"Màmá àgbà, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Ẹ̀yin!" ni ìyá rẹ̀ kígbe. "Ṣé ẹ gbọ́ mi! Ta ní ń pe ìyá àgbà ní ìwọ?"

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí. Mo yíjú sí ọmọ náà. "Mo gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo gbọ́."

Nínú ọkọ̀ òfurufú, nígbà tí Òkun Pupa ń lọ lábẹ́ wa bí aṣọ tí wọ́n sá, mo wá ro ó. Bàbá àti ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọkọ mi, àwọn ló ń pè mí ní ìwọ. Gbogbo wọn ti lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi pàápàá, "Ẹ kú ilé, Àlàájà" ni à ń kí ara wa. Ọ̀wọ̀ dára, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má bọ̀wọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n aṣọ tó nípọn ni. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ pẹ́ á gbàgbé bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń rí lára. Mo ronú kan akéwì náà pẹ̀lú gbogbo oyè àti ìyìn rẹ̀, mo bi ara mi pé ta ló ń pè é ní ìwọ. Èmi tí mo rò pé mo ní nǹkan láti kó fún ọmọ náà kí n tó lọ, òun ló fún mi lóhun tí n kò mọ̀ pé ó ti sọnù lọ́wọ́ mi.

Ó ti gbọ́ Yorùbá dáadáa báyìí. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, á ní, "Ẹ káàsán, Màmá àgbà. Ṣé ẹ ti jẹun?" Ìyá rẹ̀ á máa yangàn lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà á yìn ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé ìyá náà ti jáde, mo máa ń ní kó bi mí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Á rẹ́rìn-ín. "Màmá, o ti jẹun?"

Màá ní, "Mo ti jẹun, ọmọ mi." Ìgbà mìíràn wà tí n kò tíì jẹ.