Obìnrin Orí Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà Bi Mí Léèrè Pé Ta Ni Òun

Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ tètè pè mí báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi yìí ló sì kàn án. Mi ò sùn, mi ò mu ohunkóhun, ara mi ò sì gbóná lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí nígbà yẹn. Àgọ́-Ìwòyè ni mò ń gbé, ọ̀kadà ni mo sì ń gùn láràárọ̀ lọ sí ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n rán wa lọ láti kọ́ṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà á mọ̀ pé àwọn ni mò ń bá wí.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa oògùn ni pé kí á dá ẹni tí a fẹ́ fún mọ̀. Kó o tó wo oògùn, kó o tó wo ìwọ̀n rẹ̀, bi aláìsàn ní orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kó o fi wé èyí tó wà lórí ìwé. Má ṣe pe orúkọ náà fún un kó máa dáhùn pé "hẹ̀n". Òun ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó rọrùn láti gbọ́ nínú kíláàsì.

Ẹ wá dé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ẹ lọ bi ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún pé kí ni orúkọ rẹ̀. Mo dán an wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ṣé èmi ni mo wá síbi ìsọmọlórúkọ òun ni, àbí ìyá mi ò kọ́ mi nílé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà kan báyìí tó wọ táì nínú ooru, lọ fẹjọ́ mi sun Sísítà tó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa. Sísítà ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ Màmá. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ tó mọ̀wà á hù. "Màmá, ẹ kú ọ̀sán o, oògùn yín rèé." Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì ni mò ń wò. Gbogbo wa la sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yẹn, èmi nìkan kọ́.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀sán gangan ni. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kéèyàn má máa rìn kiri lọ́sàn-án gangan, torí àwa nìkan kọ́ là ń rìn. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín. Ọkọ̀ kan dojú dé lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń gbé àwọn tó fara pa wọlé, ni gbogbo nọ́ọ̀sì bá sáré lọ síbẹ̀. Sísítà ti fa ìnsúlínì sínú síríńjì. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní kí n lọ gún bẹ́ẹ̀dì kẹfà.

Ẹni méjì ló yẹ kó jọ gbé ìnsúlínì dé ẹ̀gbẹ́ aláìsàn, kí wọ́n jọ wò ó. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti jáde.

Mo mọ ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Màmá kan láti Òde-Omi ni, ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a jà. Nígbà tí mo débẹ̀, obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó kọjú sí ògiri, ó fi ìró tó ti ṣá bo èjìká. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ rèé. Ó na apá sí mi láì bojú wẹ̀yìn.

Mo di apá náà mú. Ẹ gbà mí gbọ́, ó tutù bí omi inú àmù. Nínú ooru yẹn o.

Nígbà náà ni mo wá ṣàkíyèsí pé gbogbo ibẹ̀ ti dákẹ́. Fáànù ń yí lókè orí wa, mi ò gbọ́ ìró rẹ̀. Ìyá tó ti ń wúkọ́ láti àárọ̀ ò wúkọ́ mọ́.

"Lèsí mi?" ni obìnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ. Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́ ni, bí ìyá ìyá mi ṣe ń sọ ọ́. Ó ń bi mí pé ta ni òun.

Mo ní, "Màmá ni yín, mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó pa mí wí."

Ó wá yíjú sí mi. Mi ò ní sọ bí ojú yẹn ṣe rí, torí mo ṣì fẹ́ sùn lálẹ́ yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó kórìíra mi. Èmi tí mi ò rí i rí, tí mi ò gba nǹkan rẹ̀ rí, ó kórìíra mi tọkàntọkàn. Ó gbá ọrùn ọwọ́ tí mo fi mú síríńjì mú, ó ń fà á sún mọ́ apá rẹ̀. Agbára ọwọ́ yẹn kì í ṣe ti arúgbó.

"Gún mi," ó ní. "Ṣebí o mọ̀ mí."

Mo fẹ́ pe Ọlọ́run, ahọ́n mi wúwo. Mo fẹ́ ju síríńjì nù, ìka mi ò ṣí. Mo rí abẹ́rẹ́ náà tó wọ ara, mo sì rí àtàǹpàkò tèmi tó ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù wá bà mí débi pé ìbéèrè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bú mi ló já bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ yín?"

Ọwọ́ náà dúró. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó sọ ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, ketekete, bí ẹni tó ti ń dúró dè mí tipẹ́. Mi ò jẹ́ kọ ọ́ síbí. Mo wo ìwé ọwọ́ mi, orúkọ tó wà níbẹ̀ kọ́.

Ó tú mi sílẹ̀. Ariwo fáànù padà dé, ikọ́ ìyá yẹn náà padà dé. Ẹni tí mo wá bá lórí bẹ́ẹ̀dì náà ni Màmá Òjòwò, tó yẹ kó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ó sùn lọ fọnfọn, abẹ́rẹ́ mi sì wà lápá rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òtútù fáànù ń mú Màmá Òde-Omi, ooru sì ń pa Màmá Òjòwò. Làwọn àgbà méjèèjì bá gba pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì láàárín ara wọn, bí ọmọ ìyá ṣe ń ṣe. Wọn ò sọ fún nọ́ọ̀sì kankan. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ti Màmá Òjòwò, kò ní ìtọ̀ ṣúgà rárá. Oúnjẹ rẹ̀ ò sì tíì dé láti ilé, kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.

Mo wo síríńjì. Ìdajì ti wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ìnsúlínì máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ìwòsàn ni fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀, tí inú rẹ̀ tún ṣófo, lè ti ojú oorun lọ pátápátá, kí àwọn èèyàn máa wò ó pé ó ń gbádùn oorun.

Kò sẹ́ni tó rí mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo rò ó pé kí n da ìyókù nù, kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti gún un. Wọ́n lè lé mi kúrò níléèwé, owó tí ìyá mi fi ẹ̀wà títà kó jọ á sì wọgbó. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àyà Màmá Òjòwò bó ṣe ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà ni mo sáré lọ bá Sísítà.

Mo rò ó fún un wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ bi mí? Ta ló rí mi. Mo bá sọ ti obìnrin yẹn fún un, mo sì pe orúkọ tó sọ fún mi. Sísítà fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?"

Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti ń sáré. Nígbà tí a fi máa gún Màmá Òjòwò níka láti wo ṣúgà rẹ̀, ó ti ń wálẹ̀. Òógùn bò ó, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń pe àwọn tí wọ́n ti kú. A fa omi ṣúgà sí i níṣan, a ń gún un níka léraléra. Títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tó yá, ó lajú, ó ní ebi ń pa òun. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sunkún bí ọmọdé.

Sísítà bá mi níbẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó sọ ẹni tí obìnrin yẹn jẹ́ fún mi. Ó wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Ìwọ bi í," ó ní. "Èmi ò bi í nígbà tó wà láàyè."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì jẹ́ béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìyókù àkókò tí mo lò níbẹ̀, mi ò rí i kó gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn kọjá lọ́sàn-án. Ó máa ń rán wa ni.

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣì ń gún èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ bi àwọn aláìsàn ní orúkọ wọn. Bí wọ́n bá ní ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbà pé ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá fẹjọ́ yín sùn, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tún bi wọ́n lórí ìkúnlẹ̀ náà. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń na apá, ọ̀kan nínú yín tí kò ní bi í ló sì ń dúró dè.